Ọbẹ̀ Tó Jóná Díẹ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ilé oúnjẹ yìí ní Ìjọ̀ka,
ráìsì oríṣi mẹ́ta ni mo kọ sára pátákó.
Mo ra fọ́ọ̀kì. Mo ra àwo funfun tó fẹ̀ bí atẹ.
Àwọn ọmọ yunifásítì wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ.
Àwọn àgbà wá, wọ́n wo pátákó láti òkè délẹ̀,
wọ́n ní, "Ọmọ wa, kí lo sè?"

Mo ní ohun tó wà lára pátákó náà ni.
Wọ́n ní rárá, àwọn ò bèèrè ohun tí mo ń tà,
kí ni èmi alára fẹ́ jẹ lálẹ́?

Ẹ̀gúsí oníṣápá ló wà lórí iná lẹ́yìnkùlé,
ìkòkò kékeré, ti èmi àti ọmọ mi.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀kọ gbígbóná la mu sùn.

Bàbá Ajéìgbé ló máa ń kọ́kọ́ dé.
Òṣómàáló ni wọ́n, nígbà tí orúnkún ṣì ń gbọ́ràn:
wọ́n ru aṣọ dé Kafáńṣan,
wọ́n ṣo sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí owó fi jáde tàbí tí ilẹ̀ fi mọ́.
Ní báyìí, àga onítìmùtìmù la ń bá wọn wá.
Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo ilé ìdáná mi,
ojú ẹni tí mo jẹ lówó ni.

Wọ́n ní ọmọge tó ń dáná fún wọn nílé.
Àwọn ọmọ ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun,
fíríìjì kún débi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé.
"Bàbá, kí lẹ wá ń wá níbí?"
"Gún iyán."

Mo ti ra ẹ̀rọ ìgúnyán rí. Kì í làágùn, kì í tọrọ ààyè.
Ọjọ́ tí mo tàn án, Màmá Ọlátẹ̀jú,
ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì,
gbé òkèlè kan mì, wọ́n ronú sí i:
"Iyán dára. Ṣùgbọ́n n ò gbọ́ ọ kí n tó jẹ ẹ́."
Mo pe Bámitálẹ́ padà sídìí odó.
Bó bá ti ń dún, gbì, gbì,
ọ̀rọ̀ á pa rẹ́ lórí tábìlì,
ojú á lọ síbi tí èmi ò dé rí,
wọ́n á sì ti wẹwọ́ tán.

(Màmá yìí kan náà ló fi bírò pupa
fa igi lé mọ́ínmọ́ín lórí pátákó mi,
wọ́n kọ ọ̀ọ̀lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀,
wọ́n fún mi ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá.)

Ọjọ́ Ẹtì kan, èrò pọ̀, ọbẹ̀ dì mọ́ ìdí ìkòkò.
Mo fẹ́ lọ dà á nù. Òórùn rẹ̀ ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ajéìgbé.
"Gbé e wá."
"Ó ti jóná, Bàbá."
"Ó jóná díẹ̀."

Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n fìka nu àwo náà
bí ọmọdé tó ń wá àkù ṣúgà.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ní,
ìyàwó àwọn, Ìbídùn, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta,
kò se ọbẹ̀ kan kó má jóná.
Ìdí ògiri ló máa ń wà, òun àti aládùúgbò,
tí wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ títí èéfín á fi wá pè é.
"Mo bá a jà. Mo ra aago fún un.
Ó fi aago náà ṣe ìdérí ìyọ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì báyìí, mo máa ń yọ ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀.
Mo gbé e ka iná, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé,
mo lọ fara ti ògiri.
Kò sẹ́ni kankan lódìkejì, àfi koríko àti ewúrẹ́ onílẹ̀.
Mo kí ewúrẹ́ náà. Mo bi í léèrè àwọn ọmọ ẹ̀.
Mo dúró síbẹ̀
títí èéfín fi wá pè mí.